Irin Mẹ́ta Lójú Ọ̀nà Ọ̀yọ́

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, n kò sì lá a lálàá. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ sí Ọ̀yọ́, kó béèrè alágbẹ̀dẹ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó fi etí mú mọ́tò. Bí wọn kò bá fi ilé tí mo gbé hàn án, kó padà wá fá irùngbọ̀n mi. Ibì kan ṣoṣo ló wà nínú ìtàn náà tí n kò fi ojú rí, nítorí pé wọ́n fi aṣọ dì mí lójú lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ gan-an sì ni mo ti gba orúkọ.

Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń so a mọ́ b, ni bàbá mi bá ní kí n wá máa fi ẹwìrì fín iná. Ṣùgbọ́n etí tí Ọlọ́run fún mi, kò sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ẹ ju ọkọ́ mẹ́wàá sílẹ̀ lẹ́yìn mi, n ó sọ èyí tó sán nínú wọn fún yín kí ìró rẹ̀ tó kú. Irin tó sán kò lè fi àìsàn rẹ̀ pamọ́. Bí ẹ bá lù ú, ohùn rẹ̀ a há bíi ti ẹni tó jẹ ata gbígbẹ.

Etí yìí náà ló lé mi kúrò nílé. Lẹ́yìn tí bàbá wa kú, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí àgbẹ̀dẹ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ kan ó rọ ọkọ́ fún àgbẹ̀ kan, ó jù ú sílẹ̀ kí ó tutù, mo sì sọ lójú oníbàárà pé ọkọ́ náà ti sán. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sán. Àgbẹ̀ gbé e lọ. Kò ì tíì kọ ebè mẹ́ta tí ọkọ́ fi pín sí méjì. Dípò kí ẹ̀gbọ́n mi kí mi kú etí, ó ní ilé kan kò lè gba òòlù méjì. Mo di ẹ̀mú mi, mo di òòlù mi. Mo sọ fún ìyá mi tó ń ta òrí ní Ọjà Igbó pé kí ó má sunkún, pé láti Ọ̀yọ́ ni yóò ti máa gbọ́ ìró mi.

Ìyá mi wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, ìró kì í pọn omi fún àgbà.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àwọn kan a máa sọ pé Ọ̀yọ́ kì í ṣe ìdálẹ̀ fún ará Ògbómọ̀ṣọ́, pé ẹni tó bá jí rìn kò ní pẹ́ dé ibẹ̀. Èmi ní: ibi tí wọn kò ti mọ ìyá rẹ, ìdálẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ ẹ̀yìnkùlé yín.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe ààfin, kì í sì í ṣe èrò ọjà Akẹ̀sán. Ìkíni ni. Bàbá Àgbẹ̀dẹ tó gbà mí sílé, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ọjà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bá a ṣiṣẹ́. Mo ti fi ẹ̀mú yọ irin pupa jáde nínú iná. Ó kí mi kú iṣẹ́, kú ooru, kú ìdúró. Ó béèrè àlàáfíà ìyá mi, ó béèrè ti àwọn ará ilé, ó béèrè bí òjò ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dáhùn, mo dìde, mo tún dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí a ó fi kí ara wa tán, irin ti di dúdú.

Mo ní, “Bàbá, irin ti tutù o.”

Ó ní, “Irin á tún gbóná. Àárín èèyàn tó bá tutù ni kì í tètè gbóná mọ́.”

Ìkejì ni pé wọn kì í sọ pé rárá. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ẹnì kan kò bá fẹ́ yá ọ ní nǹkan, á sọ pé òun kò yá ọ, ẹ ó jọ bú ara yín, ó parí. Ní Ọ̀yọ́, mo lọ yá ẹ̀mú ńlá lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ kan ládùúgbò. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, “A ó wò ó.” Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, mò ń dúró kí ó wò ó. Mo tún lọ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta ni ìyàwó rẹ̀ bu omi fún mi, tó ní ṣé wọn kò sọ fún mi ni, ọkọ òun ti wò ó tán láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Wọ́n a sì máa sọ ọ́ sí mi létí pé ajíṣe-bí-Ọ̀yọ́ là ń rí, Ọ̀yọ́ kì í ṣe bí ẹnì kankan. Mo dá wọn lóhùn pé ó dára, kí wọ́n wá wo ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí òun náà kò ní í ṣe bí ẹnì kankan. Kò pé ọdún mẹ́ta tí àwọn àgbẹ̀ fi ń gbé ọkọ́ tí alágbẹ̀dẹ mìíràn rọ wá bá mi, kí n kàn bá wọn gbọ́ ọ. N kò rọ ọ́ o. N kò fi ọwọ́ kàn án. Gbígbọ́ ni mo gbọ́ ọ, wọ́n sì ń fi iṣu dúpẹ́. Ẹ sọ alágbẹ̀dẹ mìíràn tí ẹ gbọ́ pé ó fi etí jẹ iṣu.

Síbẹ̀, àwọn tó ń gbé iṣu wá kò mọ̀ pé ẹni tó ń jẹ ẹ́ dá jókòó ni. Ní ìrọ̀lẹ́, bí Bàbá Àgbẹ̀dẹ bá ti wọlé sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, tí ẹwìrì ti dákẹ́, n kì í rí ẹni bú. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Èèyàn lè gbé láàárín àwọn tó ń kí i lógún ìgbà lójúmọ́, kó má rí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n débi tó fi lè bú u.

Ọpẹ́lọpẹ́ Làmídì.

Làmídì jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, dírẹ́bà mọ́tò, nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pa ìrun kankan jẹ, kì í sì í pa ẹ̀fẹ̀ kankan jẹ. Irin abẹ́ mọ́tò rẹ̀ kan ló ṣẹ́, Bàbá Àgbẹ̀dẹ sì ní òun kò lè sún mọ́ ohun tó ń mí tí kò sì ní imú. Èmi ni mo wọ abẹ́ rẹ̀, tí mo tún un rọ. Láti ọjọ́ náà ni Làmídì ti ń pè mí ní Ajílété, bí wọ́n ṣe ń ki àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó sì ń bú mi bí ọmọ ìyá.

Òun ló ń gbé ohùn mi lọ sílé. Bó bá ti ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, n ó sọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ìyá mi gbọ́ sí i létí. Bó bá dé Ọjà Igbó, á dúró níwájú igbá òrí ìyá mi, á wú àyà bí èmi ṣe ń wú u, á wá sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn mi. Wọ́n ní àwọn olójà a máa pa òwò tì láti wá wò ó. Bó bá sì padà dé Ọ̀yọ́, á tẹ̀ síwájú díẹ̀, á fi ọwọ́ lé ìbàdí, á fi ohùn ìyá mi sọ fún mi pé, “Ta ní ń bá ọ fọ agbádá? Ṣé o ti jẹun, àbí o ṣì ń jẹ ẹnu?” Kódà á bá mi hú ikọ́ rẹ̀. Láti inú ikọ́ náà ni mo fi ń mọ̀ bóyá ara rẹ̀ le. Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi, Làmídì a sì yíjú sí mọ́tò rẹ̀, á máa nu ohun tí kò dọ̀tí.

Nítorí náà, n kò fi etí mi ṣeré nígbàkigbà tí mọ́tò Làmídì bá ń bọ̀. Ó ní fèrè kan tó máa ń tẹ̀ láti òkèèrè títí á fi kọjá àgbẹ̀dẹ wa. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí ohun kan. Bó bá ń bọ̀, ohùn fèrè náà ga. Bó bá ti kọjá báyìí, ohùn náà á já wálẹ̀. Ní gbogbo ìgbà ni. Mo kọ́kọ́ rò pé àrífín ni. Mo dá a dúró, mo bi í léèrè ìdí tó fi ń fi ohùn ayọ̀ wọ ìlú tirẹ̀, tó sì ń fi ohùn ọ̀fọ̀ jáde lọ sí ìlú tèmi.

Làmídì ní, “Ajílété, ọwọ́ kan náà ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Etí ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń já.”

Mo ní kí a dán an wò. Mo wọ mọ́tò, mo jókòó tì í, Bàbá Àgbẹ̀dẹ sì dúró sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Làmídì tẹ fèrè láti òkè ọ̀nà títí a fi kọjá. N kò gbọ́ kí ohùn náà yí rárá. Ó dúró gbọin bí òpó ilé. A padà dé, Bàbá Àgbẹ̀dẹ sì ń búra pé ó já wálẹ̀. Èmi tó wà nínú mọ́tò ní kò já, àgbà tó wà nílẹ̀ ní ó já, Làmídì sì dùbúlẹ̀ sórí ẹrù, ó ń fẹ̀rín pa ara rẹ̀.

Òyìnbó Ọ̀nà ló bá wa níbi tí a ti ń jà. Òun ni olórí àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe, àgbẹ̀dẹ wa ni wọ́n sì ti ń pọ́n dígà àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ dà bí mọ́tò tó ń gun òkè: á dúró, á tún fò. Ó gbọ́ ẹjọ́ wa, ó sì ní kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wa. Ó ju òkúta sínú omi, ó fi ìka yàwòrán sórí iyanrìn, ó làágùn. Kò yé mi. Nígbà tó yá ni mo rántí oníṣẹ́ tí mò ń rán sílé, ni ó bá yé mi kedere, èmi ni mo sì wá ń ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ọjà.

Ẹ wò ó. Kí á ní mò ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀ wálé, mo wá ń rán oníṣẹ́ kan ṣáájú ní òròòwúrọ̀. Oníṣẹ́ òní kò ní í rin ọ̀nà jìnnà tó ti àná, nítorí pé èmi fúnra mi ti sún mọ́ ilé. Wọn á máa dé bá ìyá mi léraléra, ẹsẹ̀ èkejì á máa tẹ gìgísẹ̀ èkíní. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé mò ń lọ ni, ọ̀nà tòní á jìn ju tàná lọ, wọn á sì ṣọ̀wọ́n. Oníṣẹ́ kò yára, kò sì falẹ̀. Ẹni tó rán wọn ló ń rìn. Bẹ́ẹ̀ ni ìró ṣe ń rìn. Èyí tó ń dé léraléra ni etí ń gbọ́ bí ohùn òkè, èyí tó ṣọ̀wọ́n ni etí ń gbọ́ bí ohùn ìsàlẹ̀. Ẹni tó jókòó sínú mọ́tò ní tirẹ̀, òun àti fèrè jọ ń lọ ni. Kò lè gbọ́ ìyàtọ̀ kankan.

Òyìnbó ní bí mọ́tò bá ṣe ń sá tó ni àlàfo ohùn méjèèjì ṣe ń fẹ̀ tó. Ó ní dùùrù kékeré kan nínú ilé rẹ̀ lórí òkè. Ó ní bí mọ́tò bá ń sá ní máìlì méjìlélógún ní wákàtí kan, ohùn rẹ̀ á já láti ara eyín dùùrù kan sí eyín dúdú tó tẹ̀ lé e. Ó wá sọ̀rọ̀ kan tó wọ̀ mí lára: ó ní ó ṣòro kí etí ọmọ èèyàn tó mú un.

Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ níwájú mi ti bẹ̀ mí níṣẹ́ nìyẹn.

Mo lọ sílé rẹ̀. Ó tẹ eyín dùùrù kan, mo gbọ́ ọ, mo gbé ohùn náà sórí bí ẹni gbé ìkòkò omi, mo sì rìn padà sí àgbẹ̀dẹ láì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kó má baà dànù. Ará Ọ̀yọ́ méje ló kí mi lọ́nà tí n kò dá lóhùn. Títí di òní, ó ku méjì tó ṣì ń bínú. Mo rọ irin òkè. Mo padà lọ gbé ohùn kejì wá, mo rọ irin ìsàlẹ̀. Irin àárín ló bá mi jà. Ó gbọ́dọ̀ jókòó sáàárín àwọn méjèèjì gẹ́gẹ́, dùùrù kò sì ní eyín kankan fún un. Irin gígùn ló ń sọ̀rọ̀ nílẹ̀, irin kúkúrú ló ń sọ̀rọ̀ lókè. Mò ń gé e bí ìwọ̀n èékánná, mò ń lù ú, mo tún ń gé e. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà. Nígbà tí mo kó wọn dé iwájú Òyìnbó Ọ̀nà, ó lu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tún wọn lù, ó sì ṣí fìlà fún mi.

Bí a ṣe ń lò ó nìyí. Irin àárín ni a ó gbé kọ́ mọ́tò, ẹnì kan á máa lù ú. Irin òkè àti irin ìsàlẹ̀ á wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Bí mọ́tò bá ń sá ní máìlì méjìlélógún, irin àárín á dún bí irin òkè nígbà tó ń bọ̀, á sì dún bí irin ìsàlẹ̀ nígbà tó bá kọjá. Bí ohùn rẹ̀ kò bá tó irin òkè, kò sá tó bẹ́ẹ̀. Bó bá rékọjá rẹ̀, ó ti sá jù. Ogún máìlì ni òfin gbà. Máìlì méjì tó lé, òyìnbó ní kí a fi ta dírẹ́bà lọ́rẹ.

A kò ì tíì lò ó fún nǹkan kan tí wàhálà fi dé.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kẹsàn-án mi ni, ní àsìkò Bẹẹrẹ, tí àwọn ìlú máa ń kó koríko bẹẹrẹ wá sí Ọ̀yọ́ láti fi bo òrùlé ààfin. Orí ni wọ́n fi ń rù ú láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Lọ́dún náà, àwọn kan bẹ Làmídì kí ó bá wọn fi mọ́tò kó tiwọn. Ṣùgbọ́n wọn kò di koríko mọ́ mọ́tò rí. Bí wọ́n ṣe ń dì í lé orí èèyàn ni wọ́n ṣe dì í: ìdí síwájú, ìrù sẹ́yìn. Ìrù rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ bí ọgọ́rùn-ún ìgbálẹ̀, ó ń gbá gbogbo eruku ọ̀nà náà sókè. Mo rí i nígbà tó kọjá. Bí ẹni pé ìjì gbé mọ́tò pọ̀n.

Akọ̀wé tó ń ṣọ́ ọ̀nà náà rí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kọ orúkọ dírẹ́bà tó bá ń sáré jù sílẹ̀, eruku ló sì fi ń mọ̀ ọ́n. Eruku kékeré, eré kékeré. Eruku ńlá, eré ńlá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé Làmídì ju ọgbọ̀n máìlì lọ. Àwọn èèyàn ń sọ pé àna akọ̀wé náà ní mọ́tò, pé ó sì ń wá bí òun nìkan ṣe máa gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn ló sọ ọ́.

Wọ́n gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ Làmídì. Ó wá jókòó sórí òkúta nínú àgbẹ̀dẹ wa. Mo bú u, kò bú mi padà. Mo wá ronú kan ìyá mi tó máa dúró sí Ọjà Igbó, tí yóò máa retí ohùn mi, tí kò ní í rí ẹni gbé e wá.

Mo lọ bá Òyìnbó Ọ̀nà. Mo ní eruku ni akọ̀wé rí, kò rí mọ́tò. Mo ní kí ó fi ojú akọ̀wé dán etí mi wò. Ó wá sọ ọ́ gbangba pé bí mo bá borí, Làmídì á gba ìwé rẹ̀. Bí etí mi bá ṣìnà, ìwé náà ti di ti ìjọba, Làmídì kò sì ní í wa mọ́tò mọ́ láyé. Mo ní ó dára. Mo lọ sọ ọ́ fún Làmídì.

Ó ní, “Ṣé o mọ̀ pé bí o bá ṣì í, oko ni mò ń lọ? Èmi tí n kò mọ ebè yàtọ̀ sí òkìtì?”

Mo ní, “Bí mo bá ṣì í, èmi ni n ó rọ ọkọ́ fún ọ.”

Lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé tábìlì kan sábẹ́ igi lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, akọ̀wé jókòó sí i pẹ̀lú gègé. Wọ́n fi aṣọ dì mí lójú, mo sì kẹ́yìn sí ọ̀nà, irin méjì níwájú mi. Bàbá Àgbẹ̀dẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti jẹ́rìí. Òyìnbó ti fi òkúta méjì pamọ́ sínú koríko, ọkùnrin kan tó mú aago dání sì wà níbẹ̀ tí á wo ìgbà tí mọ́tò bá gba òkúta kìíní kọjá àti ìgbà tó bá gba ìkejì. Àwọn dírẹ́bà kò mọ ibi tí òkúta náà wà. Ohun tí wọ́n sọ fún dírẹ́bà àna akọ̀wé, tí yóò tẹ̀ lé Làmídì, ni pé irin tí òṣìṣẹ́ kan ń lù nínú mọ́tò wà fún lílé ewúrẹ́.

Làmídì ló kọ́kọ́ kọjá, ó ru bẹẹrẹ, ìrù rẹ̀ ń gbálẹ̀. Mo gbọ́ irin mi láti òkèèrè. Mo lu irin òkè díẹ̀, mo fetí sí àlàfo wọn. Bí a bá pín àlàfo tó wà láàárín irin àárín àti irin òkè sí mẹ́ta, Làmídì gba méjì, ó ku ọ̀kan. Ó kọjá, ohùn náà já, mo lu irin ìsàlẹ̀: bákan náà, ó ku ọ̀kan kó tó dé ibẹ̀. Eruku bò wá. Bàbá Àgbẹ̀dẹ ń wúkọ́. Akọ̀wé ní méjìlélọ́gbọ̀n, ó sì tẹ gègé mọ́ ìwé bí ẹni tẹ kòkòrò pa. Èmi ní mẹ́rìnlá àti èérún.

Ẹni tó mú aago dé. Mẹ́rìnlá àti ààbọ̀.

N kò tíì yọ̀ o, nítorí ó ku ẹyọ kan. Òyìnbó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ da omi sójú ọ̀nà títí ilẹ̀ fi rin. Wọ́n gbé irin àárín lọ sínú mọ́tò kejì, ti àna akọ̀wé. Nígbà tó ń bọ̀, kò sí eruku kankan, akọ̀wé sì ní jẹ́jẹ́ ni èyí ń rìn, kò ju mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ irin mi tó ń ké lókè. Mo lu irin òkè, irin mi ti rékọjá rẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta.

Mo ní, “Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Ẹ sún kúrò lójú ọ̀nà.”

Bàbá Àgbẹ̀dẹ ló fà mí lápá. Omi ló yọ mọ́tò náà lẹ́sẹ̀. Ó fi ọ̀nà sílẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ Làmídì tó ti yí padà wá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó fà nínú bẹẹrẹ rẹ̀ ya, ó wá gun orí tábìlì akọ̀wé. Akọ̀wé ti fò sínú igbó kí ó tó dé ibẹ̀, ẹ̀rí pé òun náà ní etí nígbà tó bá nílò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Nígbà tí mo tú aṣọ ojú mi, táyà mọ́tò wà lórí fìlà òyìnbó, irin àárín mi sì wà nílẹ̀. Mo gbé e, mo lù ú. Ó ti sán.

Ẹni tó mú aago ń sáré bọ̀. Ó ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àti díẹ̀.

Òyìnbó Ọ̀nà wo akọ̀wé tó ń yọ ẹ̀gún lára. Ó ní, “Ojú rí eruku. Etí rí mọ́tò.” Ó fa ìwé ẹ̀sùn náà ya, ó sì fi ìwé ìwakọ̀ lé Làmídì lọ́wọ́. Làmídì, ọmọ Ọ̀yọ́ gidi, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún èmi ará Ògbómọ̀ṣọ́ lójú ọ̀nà tútù yẹn. Nígbà tó dìde, ẹrẹ̀ kún àyà rẹ̀, ó sì bú mi. Inú mi dùn. Bàbá Àgbẹ̀dẹ ní láti ọjọ́ náà lọ, bí mo bá tún ń gbé ohùn lórí kọjá, gbogbo Ọ̀yọ́ á yẹ̀ fún mi, wọn kò ní í kí mi.

Lọ́jọ́ kejì, Làmídì ní òun kò gbé ohùn mi lọ sílé mọ́. Ó ní kí n gbé e lọ fúnra mi. Mo wọ mọ́tò. Ó tẹ fèrè láti òde ìlú títí dé Ọjà Igbó, gbogbo ọjà sì ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ìyá mi ti dìde dúró kí a tó dé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo wú àyà, mo kí i. Àwọn olójà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Làmídì mọ̀ mí ṣe ju bí mo ṣe mọ ara mi ṣe lọ.

Ìyá mi fi ọwọ́ wá orí mi. Ó ní, “Ohùn rẹ ti wálẹ̀, ọmọ mi.”

Mo ní n kò mọ̀. Òótọ́ ni, n kò mọ̀. Inú mọ́tò ni mo jókòó sí láti ọdún mẹ́sàn-án.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi gbé ọkọ́ tuntun kan wá, ó jù ú sílẹ̀ níwájú mi. Mo fetí sí i títí ìró rẹ̀ fi kú. Kò sán. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó sì ní kí n wá jẹun. Nígbà tí ìyá mi ń bu ọbẹ̀, ó bù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo mi, ni mo bá gbé ojú sókè, mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Mo bojú wo Làmídì. Ó ní ìyá mi ti mú òun búra láti ọdún kẹta pé òun kò gbọdọ̀ sọ ọ́, pé ohùn nìkan ni kí òun máa gbé.

Ohun tó sọnù nìyí: ìdì bẹẹrẹ mẹ́ta, tábìlì kan, fìlà òyìnbó kan, irin àárín, ọdún mẹ́sàn-án, àti ojú ọ̀tún ìyá mi.